Ta Ni Yóò Jókòó Ti Omi Gbígbóná Náà?

Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, lórí gbígbé rédíétọ̀ ọkọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn

  

Nígbà tí alága ní kí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni a tún gbé dé. Nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ ọkọ̀ ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tilẹ̀ bi wá léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé a ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, a ti di mẹ́káníìkì ni. Rárá o, Bàbá. Iṣẹ́ tí a kọ́ ní òkè òkun yìí náà ni a ṣì ń ṣe. A ti lé lógójì ọdún kí a tó mọ orúkọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí à ń wà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn a máa gbé ènìyàn wá bá wa ní ibi iṣẹ́, òun ni ó sì bí ọ̀rọ̀ òní.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ yìí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Wọ́n ti gbà wá láyè kí a sọ ọ́, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ wọn kún: Bàbá, Ìyá, Màmá àgbà, àti ọmọ méjì. Lórí mọ́tówéè, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe gbóná gun orí ibi pupa, èéfín funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú. Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi aṣọ ìnura di ìdérí rédíétọ̀ mú, wọ́n yí i. Kí wọ́n tó yí i tán, omi ti tú jáde. Ó bó wọn lọ́wọ́, ó bó wọn lọ́rùn, ó bó wọn láyà.

Màmá àgbà, tìfẹ́tìfẹ́ ni o, mú ọṣẹ ìfọyín nínú báàgì wọn, wọ́n fi kun gbogbo ojú ibẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ kọjá kí omi tútù tó kan ara Bàbá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Ara ti jiná báyìí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wọn méjì kò tíì ká dáadáa títí di òní.

Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ìdílé náà ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wọ̀ lẹ́jẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú tí ó sì ń fi táyà ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí ohun tó ṣe bàbá rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó búra pé ọkọ̀ kankan kò ní gbóná lójú òun mọ́. Ó ní òun yóò gbé rédíétọ̀ kúrò níwájú lọ sínú búùtù, bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ti ń ṣe. Ìyá rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa ni, tọ̀ wá wá pẹ̀lú omijé. Ó ní, “Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni ó fi ń gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.”

A lọ bá a ní ibi tí ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá.” A ní, “Rárá, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún wa. Kọ́ wa ní ohun tí o mọ̀ nípa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, àwa náà yóò kọ́ ọ ní ohun tí a mọ̀ nípa ara ènìyàn.” Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ ara wa lọ́jọ́ náà ni a gbé wá fún yín.

Ohun tí ó kọ́ wa

Ó ní nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí ọkọ̀ ń jó, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tí ń yí táyà. Ìyókù di ooru. Apá kan nínú ooru náà ń bá èéfín jáde nídìí ọkọ̀. Apá kan, omi ni ó ní láti gbé e jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin inú ẹ́ńjìnnì yóò tẹ̀, yóò sì bàjẹ́. Pọ́ǹpù ni ó ń ti omi náà káàkiri ara ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 90 sẹ́ńtígíréèdì, ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní thermostat yóò ṣí, omi yóò sì gba ibẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀. Rédíétọ̀ náà kò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sára wọn lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín wọn, ó ń gba ooru lára omi, omi tó ti tutù díẹ̀ sì ń padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ó ti ń sọ ọ́ ni a ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ara ènìyàn gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣàpèjúwe. Ọkàn wa ni pọ́ǹpù, ẹ̀jẹ̀ ni omi, awọ ara sì ni rédíétọ̀. Nígbà tí ooru bá mú wa, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i a máa ṣàn wá sí abẹ́ awọ, òógùn a sì jáde, kí atẹ́gùn lè gba ooru náà lọ. Ẹni tí ó bá fi aṣọ òtútù mẹ́ta sáré lábẹ́ oòrùn yóò dákú, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ dára. Bákan náà ni ọkọ̀: bí pọ́ǹpù bá dára tí atẹ́gùn kò sì dé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀, asán ni.

Ó tún ṣàlàyé ohun tó ṣe bàbá rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí ìkòkò lásán. Ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó ní ìwọ̀n 100 bí omi orí iná. Nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí, omi náà lè sún mọ́ ìwọ̀n 120 kí ó tó hó. Ní ìṣẹ́jú tí a bá ṣí ìdérí, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà lọ, omi náà hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá kan rẹ̀ di ooru omi, ó sì gba ojú ihò jáde pẹ̀lú agbára. Aṣọ ìnura kò lè dá a dúró.

A wá bi í pé, kí ni ó dé tí àwọn eléré ìje fi ń gbé rédíétọ̀ lọ sẹ́yìn? Ó ka ìdí mẹ́ta fún wa. Èkíní, ìwúwo. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú a máa wúwo níwájú. Bí a bá gbé rédíétọ̀ àti omi rẹ̀ sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn yóò di ilẹ̀ mú dáadáa. Èkejì, ààyè. Ẹni tó fi turbo sínú ọkọ̀ nílò ààyè níwájú fún ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn turbo náà tutù. Ẹ̀kẹta, ìkọlù. Nínú eré tí wọ́n ń pè ní drift, tó ti ilẹ̀ Japan wá, tí ìdíje Formula Drift sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004, ọkọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ bí ẹni tó ń jó lórí yìnyín. Iwájú ọkọ̀ a máa gbá ògiri tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí rédíétọ̀ bá wà níwájú, ìgbá kan ṣoṣo, omi dànù, eré parí. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ọkọ̀ á máa bá a lọ.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. A kò wá síbí láti sọ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni.

Ìrìn-àjò rédíétọ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ kò ní gbàgbé ọkọ̀ Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó láti 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì ní rédíétọ̀ omi rárá. Fáànù ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa wá omi kiri fún un.

Ní ilẹ̀ tí a wà yìí, wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Hillman Imp ní Linwood, nítòsí Glasgow, láti 1963 títí di 1976. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, rédíétọ̀ rẹ̀ náà sì wà lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ náà gba orúkọ burúkú pé ó máa ń gbóná jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í sáré ìje ni ó ṣí rédíétọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, tí wọ́n sì gbé e wá síwájú, níbi tí atẹ́gùn wà. Ohun tí ọmọ wa fẹ́ gbé lọ sẹ́yìn ni àwọn oní-Imp ń gbé bọ̀ síwájú!

Ní 1970, ilé iṣẹ́ Lotus gbé ọkọ̀ ìje Lotus 72 jáde. Wọ́n gbé rédíétọ̀ kúrò ní imú ọkọ̀, wọ́n pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Imú ọkọ̀ náà wá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gé atẹ́gùn bí ọ̀bẹ. Jochen Rindt ni ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú nínú ìjàm̀bá ní Monza kí ọdún eré náà tó parí. Porsche 911 ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi atẹ́gùn sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mú un tutù ní ìparí àwọn ọdún 1990, iwájú ni wọ́n gbé àwọn rédíétọ̀ sí, wọ́n sì fa páìpù gùn láti ẹ̀yìn lọ bá wọn.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Kò sí ibi kan tí Ọlọ́run dá rédíétọ̀ mọ́. Ibi tí atẹ́gùn wà, ibi tí iṣẹ́ ọkọ̀ náà fẹ́, ibẹ̀ ni à ń gbé e sí. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe.

Iye tí a ó san

Ọmọ náà kò purọ́ fún wa nígbà tí a bi í léèrè ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ó ní atẹ́gùn kì í ṣàdédé dé búùtù. A ní láti la ọ̀nà fún un wọlé, kí a la ọ̀nà fún un jáde, kí a sì fi fáànù alágbára sí i. Bí ọ̀nà ìjáde kò bá tó, ooru yóò kàn máa yí kiri nínú búùtù ni.

Páìpù náà ńkọ́? Ọ̀kan yóò gbé omi gbígbóná lọ, ọ̀kan yóò gbé e padà. A jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé: páìpù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 3, yóò gba omi tó lé díẹ̀ ní lítà 4. Ìyẹn lé ní kílò 4 omi tí kò sí nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, láìka irin páìpù mọ́ ọn. Pọ́ǹpù yóò ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí atẹ́gùn bá há sínú páìpù gígùn yẹn nígbà tí à ń rọ omi, ẹ́ńjìnnì lè gbóná débi tí yóò bàjẹ́, kí awakọ̀ tó fura.

Ó sọ gbogbo èyí fún wa bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí a wo inú rẹ̀. Páìpù méjèèjì ti wà nílẹ̀. Wọ́n gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó níwájú, wọ́n gba abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lọ sínú búùtù. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn náà, ìjókòó ọmọdé tí àbúrò rẹ̀ máa ń jókòó sí ṣì wà níbẹ̀. Bíríkìtì tí ọmọ náà fi ń ṣeré wà nínú rẹ̀.

A fi ọwọ́ lé ìjókòó náà. A ní, “Ta ni yóò jókòó síbí?”

Kò dáhùn. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Ohun tí àwa kọ́ ọ

A sọ fún un pé omi tó gbóná ní ìwọ̀n 60 péré lè bó awọ àgbàlagbà débi egbò jíjinlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Omi inú páìpù tirẹ̀ yóò gbóná ju 90 lọ. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, ó sì máa ń yára jó. Ọmọ tí a fi bẹ́líìtì de mọ́ ìjókòó kò lè fò sá. Bí họ́ọ̀sì bá já tàbí tí ibi ìsopọ̀ kan bá tú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ooru omi yóò kún inú ọkọ̀, gíláàsì yóò bò, awakọ̀ kò ní rí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa bó lọ́wọ́ kan náà. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nínú ọkọ̀ ìje gidi, ẹni kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ tí iná kò tètè jó, ó dé akoto. Irin pẹlẹbẹ kan ni a fi dínà láàárín òun àti búùtù, páìpù sì gba ìta tàbí kí a fi nǹkan bò ó. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wà létí pápá tí wọ́n ń retí. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí.

A sì tún bi í nípa ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kí ni ó mú kí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà? Ṣé ibi tí rédíétọ̀ wà ni? Ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Thermostat ti há, kò ṣí mọ́. Inú rédíétọ̀ sì ti dí fún ìpẹtà, nítorí pé omi lásán ni wọ́n ti ń dà sí i fún ọdún púpọ̀. Níwájú tí ó wà kọ́ ni ó ṣe é, àìtọ́jú ni. Bí wọ́n bá gbé rédíétọ̀ dídí náà lọ sẹ́yìn, yóò kàn dí lẹ́yìn ni.

Ọkọ̀ tirẹ̀ ńkọ́? Ó jẹ́wọ́ pé lójú títì, kì í gbóná. Ọjọ́ tí ó bá gbé e lọ sí pápá eré nìkan ni ó ń gbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé rédíétọ̀ tó nípọn díẹ̀ sí i níwájú, fáànù tó dára, àti irin pẹlẹbẹ tí yóò darí atẹ́gùn kí ó má baà gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, lè tó o.

Bí omi gbígbóná bá bó ènìyàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibí yìí kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ti ìkòkò ọbẹ̀ àti ti kẹ́tùlù náà ni.

Ẹ gbé onítọ̀hún kúrò níbi ooru. Ẹ bọ́ aṣọ, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago kúrò níbẹ̀ kíákíá, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara; ẹ má ṣe fa ìyẹn. Ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ wo aago, nítorí pé 20 ìṣẹ́jú gùn lójú ẹni tí ọmọ ń ké. Bí ẹ kò bá rí omi lójú ẹsẹ̀, ẹ má rò pé ó ti bọ́. Omi tútù ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara kí òtútù má baà mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi cling film, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo oúnjẹ, tẹ́ ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe wé e yí ká ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ yóò wú.

Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má fi ẹyin, òróró, epo pupa, bọ́tà tàbí yìnyín sí i. A kò bú àwọn ìyá wa. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí ń há ooru mọ́ inú awọ, tàbí kí wọ́n kó ìdọ̀tí sínú egbò, yìnyín sì ń pa awọ tó ti fara pa tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì bẹ́ ìléròrò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ìwé a máa sọ pé kí ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe pọ́n. Lára wa, ó lè má pọ́n lójú rárá. Ó lè dúdú sí i, ó lè dà bí eérú, ó lè funfun. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè bí ó ṣe ń dùn ún. Bí kò bá sì dùn ún rárá, ẹ má ṣe yọ̀. Ó lè jẹ́ pé egbò náà ti jinlẹ̀ débi pé ara kò mọ ìrora mọ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ bí egbò náà bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àti ìka ẹni tó fara pa lọ, bí ó bá wà lójú, lọ́rùn, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, ní oríkèé tàbí lábẹ́, tàbí bí ó bá funfun tàbí tí ó dà bí ohun tó jóná. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré tàbí aláboyún, ẹ má ṣe dúró dọ̀la. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, 999 ni fún pàjáwìrì, 111 sì ni fún ìmọ̀ràn.

Ohun mìíràn ni antifreeze, tí à ń dà pọ̀ mọ́ omi rédíétọ̀ kí ó má baà di yìnyín nígbà òtútù. Ó dára fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ethylene glycol ṣe jẹ́ májèlé. Ó dùn lẹ́nu, ọmọdé àti ajá sì lè lá a. Ẹni tó bá mu ún lè kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀mùtí. Lẹ́yìn náà ni ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò mínírà láé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Bí rédíétọ̀ bá wà nínú búùtù tó sì ń jò, inú ọkọ̀ ni májèlé yìí yóò ti máa kán sílẹ̀.

Ohun tí a bẹ̀ yín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ọgbọ́n yín pamọ́ fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ gbé rédíétọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà di ti pápá nìkan. Ẹ yọ ìjókòó èrò kúrò, ẹ fi irin dínà láàárín yín àti omi, ẹ jẹ́ kí páìpù gba ìta, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá sì máa rìn lójú títì, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ohun gbogbo tí ẹ yí padà, nítorí pé bí wọn kò bá mọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kàn pariwo pé “Má ṣe é!” kí ẹ sì bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jókòó lórí táyà àtijọ́ bí àwa ti ṣe, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín. Ẹ sì máa tọ́jú ọkọ̀ tiyín. Ẹ wo omi rẹ̀ nígbà tí ó tutù, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná láé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jìnnà sí i, ẹ pe ẹni tí yóò fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ bá àwọn mẹ́káníìkì sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ṣe yọ thermostat dànù, kí wọ́n má sì máa da omi kànga sínú rédíétọ̀. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó, atẹ́gùn kì í fẹ́ sára ọkọ̀ tó dúró; fáànù àti rédíétọ̀ mímọ́ ni ó ń gba ẹ́ńjìnnì là.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ti parí. Ọmọ náà kò ṣèlérí kankan fún wa lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò rò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè wá lórí fóònù, ó ní òun ti tú páìpù méjèèjì kúrò nínú ọkọ̀. Rédíétọ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Ó ní bí òun bá rí owó ra ọkọ̀ kejì tí yóò jẹ́ ti eré nìkan, òun yóò gbé ti ìyẹn sẹ́yìn, òun yóò sì pè wá kí a wá wò ó kí òun tó rọ omi sí i. A ti gbà láti lọ. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí báyìí, ó ń fi ìwé bojú.

Bàbá rẹ̀ náà wà níbí. Bí a bá parí, ẹ lọ kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ rọra bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tún o, ìka yẹn ṣì ń dùn wọ́n.

 Omi tútù ni a ó máa bá pàdé, a kò ní fi gbígbóná ṣe.